Bátìrì Ínfátà Mi Kò Tàn Mọ́jú Mọ́: Ṣé Tuntun Ni Kí N Rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, lápá Àkóbọ̀. Ọdún kan àbọ̀ rèé tí a ti ṣe sólà sílé: ínfátà 3.5kVA tó ń lo 24V, bátìrì olómi méjì tí wọ́n kọ 220Ah sí lára, àti páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 280W. Nígbà tó ṣì wà ní tuntun, iná wa máa ń tàn mọ́jú. Àmọ́ tiransifọ́mà àdúgbò bàjẹ́ nínú oṣù Òkúdu, a kò sì rí iná NEPA fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n ti tún un ṣe báyìí, iná ń wá bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago kan òru, ínfátà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, á sì kú. Ohun tí à ń lò lálẹ́ ni fírísà kan, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣàn àti dikódà, gílóòbù mẹ́fà nínú ilé, àti mẹ́rin lójúde tó ń tàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Oníṣẹ́ tó wò ó ní ọ̀kan nínú bátìrì náà ti lọ, kí a ra ẹyọ kan fi pààrọ̀ rẹ̀, kí òun sì da ásíìdì kún èkejì. Àbúrò mi ní kí n gbàgbé olómi, kí n lọ ra lítíọ́mù. Bàbá Ìbejì ní ká padà sídìí jẹnẹrétọ̀ wa. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o, ẹ sì kú ìfaradà. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni kí n fi ṣáájú: ẹ má tíì ra bátìrì kankan, ì báà jẹ́ olómi, ì báà jẹ́ lítíọ́mù. Ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ilé yín. Bí ẹ bá gbé tuntun wọlé bá a, á pa òun náà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, bátìrì tí ọjọ́ ogbó pa nínú àwọn tí mo ti yẹ̀ wò kò pọ̀ rárá. Ebi ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ebi ló sì pa tiyín, bí mo ṣe ka lẹ́tà yín sí.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra káàdì iná rí mọ ohun tí à ń pè ní yúnítì. Ohun èlò tó ń jẹ 1,000 wáàtì, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, ó ti jẹ yúnítì kan. Bí ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ìbejì fún wákàtí kan, yúnítì kan ti lọ nìyẹn. Bátìrì yín jẹ́ 12V, 220Ah: V ni fọ́ọ̀tì, Ah sì ni ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú. Tí a bá sọ 220 di ìlọ́po 12, ó di 2,640, ìyẹn iye wáàtì tó lè gbé fún wákàtí kan. Méjèèjì pa pọ̀ di 5,280, ìyẹn yúnítì márùn-ún lé díẹ̀. Ohun tó wà lára àlẹ̀mọ́ wọn nìyẹn, ohun tí ọlọ́jà sì máa ń kà fún èèyàn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í ṣe ohun tí à ń lò tán. Ẹ rántí àmù tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń pọn omi odò sí. Omi tó tòrò ló wà lókè. Tí igbá bá ti ń ha ìsàlẹ̀ àmù, ẹrẹ̀ là ń bù. Ìdajì ni ká máa bù nínú bátìrì olómi, ká fi ìdajì tó kù sílẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀. Ìdajì tiyín jẹ́ yúnítì 2.6. Nígbà tí ínfátà bá sì ń yí i padà sí irú iná tí ohun èlò ilé ń lò, díẹ̀ á ṣòfò nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ná lóru kan láìpa bátìrì lára kò ju yúnítì 2.4 lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ ń ná láti aago méje alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀, wákàtí 11. Ìwọ̀n àwọn ohun èlò irú tiyín tí mo máa ń bá nílé àwọn èèyàn ni mo lò. Tí ẹ bá wo ẹ̀yìn tiyín, ó lè yàtọ̀ díẹ̀. Fírísà ń jẹ bíi 150W nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ká sì ní ó ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì àkókò náà: 0.8. Fáànù mẹ́ta, 65W lọ́kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́: 1.6. Tẹlifíṣàn àti dikódà fún wákàtí mẹ́rin: 0.3. Gílóòbù inú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ẹ tó sùn: 0.3. Fóònù àti kọ̀ǹpútà: 0.1. Gílóòbù ìta mẹ́rin, irú 20W tó wọ́pọ̀ yẹn, mọ́jú: 0.9. Ẹ dúró síbí yìí díẹ̀. Gílóòbù tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sábẹ́ rẹ̀ ń jẹ ju fírísà lọ lóru! Ó kù ẹyọ kan tí ẹ kò kọ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í kà: ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹun. Irú tiyín lè máa jẹ 50W tọ̀sán-tòru, bí ẹ tilẹ̀ pa gbogbo ohun èlò tó wà nínú ilé. Yúnítì 0.5 ni tirẹ̀ lóru kan. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ yúnítì mẹ́rin àbọ̀.

Yúnítì 2.4 lẹ ní, 4.5 lẹ ń ná.

Ẹ ó ní, ṣebí ó ń tàn mọ́jú tẹ́lẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tó ń ta ọjà tó bá ń jẹ ojú owó pa pọ̀ mọ́ èrè, àtẹ rẹ̀ ṣì máa kún fún ìgbà díẹ̀, aládùúgbò á sì máa rò pé ọjà ń lọ dáadáa. Bátìrì tuntun lágbára, ó ń gbà fún yín. Ojú owó ni ẹ ń ná láti ọjọ́ kìíní.

Ohun tó ń wọlé ńkọ́? Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin yín jẹ́ 1,120W lápapọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́ kedere nìkan ni wọ́n ń sún mọ́ iye yẹn. Tí a bá kó oòrùn àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ pọ̀, oòrùn ọjọ́ kan ní Ìbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ti oòrùn tó mú ganrínganrín. Ooru, eruku àti wáyà á sì jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́rin níbẹ̀. Ohun tó máa dé inú ilé jẹ́ bíi yúnítì 3.8. Nínú oṣù Agẹmọ àti Ògún, tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run látàárọ̀ dalẹ́, ó lè wálẹ̀ sí 2.7, ọjọ́ mìíràn kò sì ní tó bẹ́ẹ̀. Kí bátìrì tó rí lára rẹ̀, fírísà, ínfátà àti ohun tí ẹ ń lò lọ́sàn-án á ti mú bíi 1.9. Ìyẹn ni pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yúnítì 1.9 ló kù fún bátìrì. Nígbà òjò, kò tó ẹyọ kan. Bátìrì olómi kì í sì í dá gbogbo ohun tó jẹ padà. Bí ìdá kan nínú márùn-ún ló máa ń ṣòfò.

Ẹ ń mú 4.5 jáde lóru, ẹ ń dá 1.9 padà lọ́sàn-án. NEPA ló ń dí àlàfo yẹn fún yín. Tí ínfátà bá ń fi 20A (A ni ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó) gba agbára láti ara iná ìjọba, ó máa ń fi bí ìdajì yúnítì sínú bátìrì ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún tí ẹ ń rí lójúmọ́ ló gbé ilé yín ró, kì í ṣe oòrùn. Ẹ rò pé sólà lẹ ń lò. NEPA tí a tọ́jú sínú bátìrì ni apá tó pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí tiransifọ́mà fi bàjẹ́ wá bọ́ sínú òjò, ìgbà tí oòrùn kéré jù lọ nínú ọdún. Ẹ kò dín ohunkóhun kù lálẹ́, NEPA kò sí, páńẹ́ẹ̀lì kò rí oòrùn. Bátìrì yín kò kún rí fún nǹkan bí ogójì ọjọ́. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí. Òjé ni àwọn àwo tó wà nínú bátìrì olómi, inú ásíìdì ni wọ́n sì rì sí. Bí ẹ bá ṣe ń mú iná jáde, òjé àti ásíìdì á máa pa pọ̀ di ohun funfun kan tó ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn àwo náà. Tí oòrùn tàbí NEPA bá tètè dá agbára padà, ohun funfun yìí á tú, á sì padà sínú omi. Tí bátìrì bá wà láìkún fún ọjọ́ pípẹ́, á le gbagidi, kò sì ní fẹ́ tú mọ́. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ kò lè gba agbára, kò sì lè mú un jáde. Bátìrì 220Ah á wá máa ṣe bíi 100Ah, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ìdí nìyí tí ínfátà fi ń kú ní aago kan òru báyìí: àmù ti kéré, igbá kò dín kù.

Ó ní ohun mìíràn tí mo fura sí, ó sì máa ń dùn mí nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ínfátà 24V tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nínú páálí, 21V ni wọ́n ṣètò pé kí bátìrì dé kó tó pa. Pín in sí méjì, ó di 10.5V fún bátìrì kọ̀ọ̀kan. Bátìrì olómi tó bá dé ibẹ̀ ti tán porogodo. Ẹni tó bá gbé e kọ́ ògiri láìfọwọ́ kan ètò yẹn ti fi ọ̀bẹ lé ínfátà lọ́wọ́. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yín ṣí ibi ètò rẹ̀, kó gbé irú bátìrì sí USE, ibi tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan iye tó fẹ́, kó wá ṣètò pé kí ínfátà padà sórí NEPA tí bátìrì bá dé 24V, tí NEPA kò bá sì sí, kó pa ní 23V. Kí agbára tó ń gbà lọ sókè dé 28.4 sí 28.8V kó tó rọra wálẹ̀ sí bíi 27.2V. Kí ó má gba ju 20 sí 25A láti ara NEPA. Tó bá jẹ́ pé iná máa ń wá tí ínfátà ń ṣe bí ẹni pé kò rí i, iná àdúgbò yín ni kò lágbára. Ètò méjì ló wà nínú ínfátà fún irú iná NEPA tó máa gbà, UPS àti APL. Tí ó bá wà lórí UPS, kì í gba iná tó bá rẹlẹ̀ ju bíi 170V lọ. Tó bá wà lórí APL, á gba èyí tó rẹlẹ̀ jìnnà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò ní bátìrì tó dára mọ́ lè pa fìrì kó sì tún tàn nígbà tí ínfátà tó wà lórí APL bá ń yí láti ibì kan sí èkejì, kí ẹ mọ̀.

Ní ti oníṣẹ́ yín, ìmọ̀ràn méjèèjì tó fún yín ni mi ò lè fara mọ́. Bátìrì méjì tí wọ́n so tẹ̀ léra wọn dà bí màlúù méjì tó ń fa ohun ẹrù kan náà. Agbára kan náà ló ń gba inú méjèèjì kọjá. Tí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun tí èkejì sì ti rẹ̀, arúgbó á tètè kún, á tètè tán. Kí tuntun tó yó, ínfátà á ti rí i pé fọ́ọ̀tì ti gòkè, á sì dín oúnjẹ kù. Ọmọdé á wá bá àgbà pín ebi. Oníbàárà mi kan ní Òṣogbo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Kí oṣù kẹrin tó pé, ó pè mí pé méjèèjì ti kú. Owó bátìrì tuntun kan gbáko ló wọlẹ̀. Méjì ni kí ẹ rà pa pọ̀, irú kan náà, ọjọ́ kan náà, tàbí kí ẹ má rà rárá.

Ásíìdì ńkọ́? Omi ló ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í fò lọ. Ẹni tó bá ń da ásíìdì sí i ń mú kó le jù, ó sì ń jẹ àwo òjé. Omi bátìrì ni kí ẹ máa fi kún un, èyí tí wọ́n ń tà sínú ike lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bátìrì ọkọ̀. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í ṣe ti kànga, kì í ṣe ti inú ọ̀rá. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún, kí ẹ sì kún un dé ojú àmì, kó má kọjá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Tó bá ta sí ara tàbí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́. Tó bá jẹ́ ojú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Kí ẹ tó gbà pé bátìrì kú, ẹ dán an wò. Ẹ jẹ́ kó gba agbára títí á fi kún lọ́jọ́ tí iná bá pọ̀. Ẹ yọ wáyà rẹ̀, tàbí kí ẹ pa bíréékà rẹ̀, kó sinmi bíi wákàtí mẹ́fà. Kí ẹnì kan fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èyí tó bá fi 12.6 tàbí 12.7V hàn ṣì ní ìrètí. Èyí tó bá fi 10.5V tàbí ohun tó sún mọ́ ọn hàn, yàrá kan nínú yàrá mẹ́fà rẹ̀ ti kú, nítorí pé yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú bíi 2.1V wá, kò sí oògùn tó lè jí irú rẹ̀. Bí méjèèjì bá wọn dáadáa, ẹ tan ohun tó ń jẹ bíi 300W lé e, kí ẹ ka wákàtí títí á fi dé 23V. Bátìrì tiyín, tí ara rẹ̀ bá dá, yẹ kó lò tó wákàtí méje tàbí mẹ́jọ. Tó bá lo mẹ́rin tàbí márùn-ún, mo lè ní kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì bọ́ ọ yó lójoojúmọ́ kí ẹ tún dán an wò, nígbà mìíràn díẹ̀ máa ń padà. Tí kò bá tó wákàtí mẹ́ta, ó ti kú nìyẹn.

Báyìí, ibi tí ọkàn mi wà gan-an: ohun tí ẹ ń ná lóru. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí owó yín padà. Ẹ yọ gílóòbù 20W mẹ́rin tó wà lójúde, kí ẹ fi 5W mẹ́rin dípò, irú èyí tó ń tàn fúnra rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú tó sì ń kú tí ilẹ̀ bá mọ́. 0.9 á di 0.2. Olè kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ pa fírísà láti aago méje alẹ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ìyá nígbà tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ìdí, owó ẹran kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n fírísà tó kún, tí a kò ṣí, kì í yọ̀ láàárín òru kan. Tí tiyín kò bá kún, ẹ fi ike omi dí àlàfo rẹ̀, kó di yìnyín lọ́sàn-án. Yìnyín yẹn ló máa ṣọ́ ẹran yín mọ́jú. 0.8 ti lọ pátápátá. Fáànù ló kù. Àwọn fáànù onímọ́tò BLDC tó wà lọ́jà báyìí ń jẹ bíi 28W, ẹ ó sì rí afẹ́fẹ́ tó tó ti tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta rẹ̀ mú 1.6 wálẹ̀ sí 0.7. Mo mọ̀ pé ó wọ́n ju fáànù lásán lọ, ẹ lè máa rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àwọn ọmọ.

Ẹ tún un kà: yúnítì 2.1. Ó ti wọ inú 2.4. Bátìrì méjì irú èyí tó kú yẹn, kò tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì bá gbé ilé yín mọ́jú láìkọjá ìdajì, ì bá sì lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ooru tiwa. Ẹ ò rí i pé bátìrì kọ́ ló kéré.

Lẹ́yìn èyí, kí gbogbo iṣẹ́ tó wúwo di ti ọ̀sán. Láàárín aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta, oòrùn ń mú iná wá ju ohun tí bátìrì lè gbà nígbà mìíràn, iná tí ẹ kò lò nígbà náà ti ṣègbé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fa omi sókè, kí ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀, kí ẹ lọ ata. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù lé bátìrì láàárọ̀ kùtù nígbà tí gbogbo ilé ń sáré àtilọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí bátìrì ti rẹ̀ jù lọ ni.

Àbúrò yín kò parọ́ nípa lítíọ́mù. Ó dára ju olómi lọ, òun ni èmi náà ń lò nílé. Oríṣi tí à ń fi sílé, tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára, ẹ lè ná mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìṣe é léṣe, kì í bínú tí kò bá kún lójoojúmọ́, kò ní omi tí à ń rọ sí i, ó sì lè lo ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Èyí tó bá jẹ́ 25.6V, 200Ah gba yúnítì 5.1, ẹ ó sì rí bíi 4.3 lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sórí ìṣirò wa. Bí ẹ bá rà á láìyí ohunkóhun padà, 4.5 lẹ ó ṣì máa ná, 1.9 ni páńẹ́ẹ̀lì ó ṣì máa dá padà. Ọjọ́ tí tiransifọ́mà bá tún bàjẹ́, òkùnkùn á kí yín lóru ọjọ́ kejì, pẹ̀lú bátìrì olówó ńlá lára ògiri. Lítíọ́mù kì í dá iná sílẹ̀, ó kàn ń tọ́jú èyí tí a bá fún un ni. Nítorí náà, tí owó bá wà, páńẹ́ẹ̀lì méjì sí i ni kí ẹ fi ṣáájú, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti wo ìwé ínfátà yín pé ó lè gbà á. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà á mú bíi yúnítì mẹ́rin wá nínú oṣù Agẹmọ pàápàá. Ẹ yọ ti ọ̀sán kúrò, ohun tí ẹ nílò lóru ló kù gẹ́lẹ́. Nígbà náà ni lítíọ́mù á wúlò fún yín. Kí wọ́n tó tan án, kí wọ́n yí ètò ínfátà padà, nítorí pé fọ́ọ̀tì tí à ń fi bọ́ olómi kọ́ là ń fi bọ́ lítíọ́mù. Ẹ sá fún èyí tí wọ́n fi bátìrì àlòkù tún tò tí wọ́n wá lẹ bébà tuntun mọ́. Tó bá sì jẹ́ olómi lẹ máa tún rà, ẹ gbé e wò: 220Ah gidi, ẹnì kan kì í dá gbé e rìn ní ìrọ̀rùn. Èyí tí ọmọ ọjà bá gbé lé èjìká kó máa sáré, òjé inú rẹ̀ kò pé.

Ẹ kò sọ ibi tí bátìrì yín wà. Tó bá wà lábẹ́ páànù níbi tí oòrùn ti ń yan án, ẹ gbé e kúrò. Bí ooru bá fi 10 kọjá 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdajì ẹ̀mí bátìrì olómi ló ń lọ. Kó má sì wà nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ń sùn sí, nítorí pé ó máa ń mú afẹ́fẹ́ kan jáde tó bá ń gba agbára, afẹ́fẹ́ náà sì lè gbiná. Ẹ má tan kéńdù tàbí kọ́ìlì ẹ̀fọn sí tòsí rẹ̀. Ẹ bi oníṣẹ́ bóyá bíréékà tó wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ínfátà jẹ́ ti DC, irú iná tó ń jáde láti ara páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Bíréékà iná NEPA kò lè pa iná DC dáadáa, iná á máa ta pàrà nínú rẹ̀ títí á fi jó. Tí wáyà tó so bátìrì mọ́ ínfátà bá gbóná lọ́wọ́, ó tín-ínrín jù tàbí kí ìdè rẹ̀ ti tú. Ní ti páńẹ́ẹ̀lì, ní ìgbà ọyẹ́, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, láàárọ̀ kí ó tó gbóná. Tí òjìji igi máńgòrò bá ń kan apá kan rẹ̀ lẹ́yìn aago méjì, ẹ gé ẹ̀ka náà, nítorí pé òjìji tó bo igun kékeré lè mú èyí tó pọ̀ lọ nínú agbára páńẹ́ẹ̀lì náà.

Ó ku Bàbá Ìbejì. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sì sọ fún wọn pé wọn kò ṣìnà tán. Láti oṣù Èbìbí 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, kò sí ìdílé tó yẹ kó máa fi jẹnẹrétọ̀ sùn mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má tà á. Ní ọ̀sẹ̀ tí òjò bá di gbogbo ojú ọ̀run tí NEPA kò sì sí, kí wọ́n tan án fún wákàtí méjì lọ́sàn-án, kí wọ́n fi bọ́ bátìrì, kí wọ́n sì pa á. Ká ní ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, tí ẹ sì pa gílóòbù ìta, ó ṣeé ṣe kí bátìrì yín ṣì wà láàyè. Kí jẹnẹrétọ̀ náà má wà lábẹ́ fèrèsé o, kó má wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó má wà níbi tí ògiri yí ká. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tí kì í rùn, tí a kò lè fojú rí, tó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun. Ìta gbangba, kó jìnnà sílé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ìta.